Ajá Aṣọ́lé: Bí Ìhùwàsí Ẹ̀yà Ajá Ṣe Yàtọ̀ Síra Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìṣọ́lé

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé agbára rẹ̀ kọjá ààyè rẹ̀ ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Síbẹ̀, bí a bá wo òwe náà láti ìhà ajá fúnra rẹ̀, àkíyèsí tó jinlẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ajá mọ ojúlé tó jẹ́ tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa ń rorò. Ajá kan náà tó ń gbó kíkankíkan lẹ́nu géètì ẹni tó ni ín lè ki ìrù bọ itan bó bá dé àgbàlá ẹlòmíràn.

Láyé àtijọ́, ajá ìbílẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ agboolé mọ̀. Òun ló ń bá ọdẹ lọ sí ìgbẹ́, òun náà ló sì ń sùn sí ẹnu ọ̀nà lálẹ́. Lóde òní, Alsatian, Rottweiler, Boerboel, Caucasian àti Lhasa Apso ti di ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ nínú ọgbà ilé ní àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra ajá nítorí ìtóbi rẹ̀ tàbí nítorí orúkọ rẹ̀, wọn kò sì béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sin ẹ̀yà náà níbi tó ti wá. Ẹni tó bá yan ajá lódì lè fi owó ara rẹ̀ ra ewu fún ọmọ inú ilé, fún aládùúgbò àti fún àlejò tó wá kí i. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a mọ ohun tó mú kí ajá kan máa gbó ṣáá láìbu ẹnikẹ́ni jẹ, tí òmíràn yóò sì dákẹ́ títí àjèjì yóò fi wọ inú ọgbà.

Iṣẹ́ Mẹ́ta Tó Wà Nínú Ìṣọ́lé

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "ìṣọ́lé", ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kó pọ̀. Èkíní ni ìkìlọ̀. Ajá gbọ́ ohun tí ènìyàn kò gbọ́, ó sì gbó kí àwọn ará ilé lè jí. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tó bá ga ju nǹkan bí 20,000 hertz lọ, ṣùgbọ́n etí ajá ń gbọ́ ìró tó ga tó nǹkan bí 45,000. Èkejì ni ìdènà. Ìrísí ajá, ohùn rẹ̀ àti bó ṣe dúró a máa mú kí ẹni tó ní èrò ibi lọ́kàn padà sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni ìkọlù, èyí tí í ṣe pé kí ajá di ènìyàn mú tàbí kó bù ú jẹ.

Kì í ṣe gbogbo ajá ló mọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Àwọn àlọ́ Yorùbá pàápàá kò fi èyí pamọ́. Nínú àlọ́ ọdẹ àti ajá rẹ̀ mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé, orúkọ ajá kọ̀ọ̀kan ló ń sọ iṣẹ́ tirẹ̀: ọ̀kan ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọ̀kan ń gbé e mì, èyí tó kù sì ń gbá ilẹ̀ mọ́ kí ohunkóhun má ṣẹ́kù. Ẹni tó kọ́kọ́ pa àlọ́ náà mọ̀ pé ajá kan ò lè ṣe iṣẹ́ gbogbo.

Èdè Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ fún ipò kọ̀ọ̀kan tí ajá lè wà. Ajá a máa gbó, a máa kùn, a máa hu, a sì máa digbò lu ènìyàn. Ajá tó ń gbó ń pe àwọn ará ilé. Èyí tó ń kùn, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ń kìlọ̀ fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé kó má sún mọ́ òun mọ́. Ẹni tó bá ń jẹ ajá níyà nítorí pé ó ń kùn ń kọ́ ọ láti bu ènìyàn jẹ láìkìlọ̀ ni.

Ajá Ìbílẹ̀

Ajá ìbílẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní ekuke, kì í tóbi púpọ̀. Irun rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ fúyẹ́, etí rẹ̀ sì sábà máa ń dúró ṣánṣán. Kò sí ẹgbẹ́ asinjá kankan tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ayé tó gbé ló ṣà á yàn láti ìran dé ìran, nítorí pé ajá tí kò bá lè fara da ooru, oúnjẹ díẹ̀ àti àìsàn kì í pẹ́ láyé.

Ìkìlọ̀ ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù. Ó máa ń fura sí àjèjì, ó máa ń gbó ní kùtùkùtù ìṣẹ̀lẹ̀, ó sì sábà máa ń gbó láti ọ̀nà jíjìn dípò kó súnmọ́ ẹni tó fura sí. Ìwà yìí ló gba ẹ̀mí àwọn baba rẹ̀ là, nítorí pé ajá tó bá ń kojú gbogbo ohun tó bá rí kì í dàgbà. Ajá yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ jí kí olè tó dé ẹnu ọ̀nà. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ajá ìbílẹ̀ sílẹ̀ kó máa rìn kiri àdúgbò, wọn kì í sì í gbà á ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọwọ́ ẹni tó ń sìn ín ni àléébù yìí wà, kò sí lára ajá náà.

Lhasa Apso

Orílẹ̀ Tíbẹ́ẹ̀tì ni Lhasa Apso ti wá, Lhasa tí í ṣe olú ìlú ibẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 28 lọ, irun rẹ̀ gùn títí dé ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ajá eré lásán ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣọ́lé ni wọ́n fi í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ilé àwọn mọ́ńkì àti ààfin ni ó ti ń ṣọ́nà, ajá ńláńlá sì máa ń wà ní ìta. Bí ẹsẹ̀ àjèjì bá kọjá ẹni tó wà níta, Lhasa ni yóò jí àwọn tó wà nínú ilé.

Títí di òní, etí rẹ̀ mú, kì í tètè fọkàn tán ẹni tí kò mọ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń ju ara rẹ̀ lọ. Ó yẹ ẹni tó ń gbé inú yàrá kan tàbí nínú ilé alájà púpọ̀ tí kò ní ọgbà. Kò lè dá olè dúró, ṣùgbọ́n olè kì í fẹ́ ilé tí ariwo ti sọ. Irun rẹ̀ gba ìtọ́jú gidigidi, ó sì yẹ kí a máa gé e kúrú ní ilẹ̀ olóoru.

Alsatian

Ní ọdún 1899, ọ̀gágun kan ní Jámánì tí ń jẹ́ Max von Stephanitz forúkọ ajá kan tí ń jẹ́ Horand von Grafrath sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajá àkọ́kọ́ nínú ẹ̀yà ajá darandaran Jámánì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Bírítéènì kò fẹ́ dárúkọ Jámánì mọ́, wọ́n sì sọ ajá náà ní Alsatian. Ọdún 1977 ni ẹgbẹ́ asinjá ilẹ̀ Bírítéènì tó dá orúkọ àtijọ́ padà fún un, ṣùgbọ́n Alsatian ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ṣì ń pè é.

Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe níbẹ̀rẹ̀ ló ṣàlàyé ìwà rẹ̀. Ní pápá tí kò ní ọgbà, ajá yìí a máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ agbo àgùntàn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kí wọ́n má bàa wọ oko olóko. Bí wọ́n bá fi í sínú ọgbà ilé, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni yóò máa tọ̀. Ó yára kọ́ ẹ̀kọ́, ó máa ń wo ojú ẹni tó ń tọ́ ọ, ó sì lè ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ti mẹ́nu bà. Nítorí èyí ni àwọn ọlọ́pàá àti ọmọ ogun ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n ajá tó nílò iṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá so ó mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, yóò máa gbó sí gbogbo ohun tó bá ń kọjá, yóò sì máa gbẹ́ ilẹ̀ tàbí kó máa họ ilẹ̀kùn.

Rottweiler àti Boerboel

Rottweil, ìlú kan ní gúúsù Jámánì, ni Rottweiler ti gba orúkọ rẹ̀. Àwọn alápatà ló ń lò ó láti da màlúù lọ sí ọjà àti láti fa kẹ̀kẹ́ ẹran. Ajá tó ń da màlúù kò gbọdọ̀ máa pariwo ju bó ti yẹ lọ, àyà rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ ló fi ń ti ẹran tó bá fẹ́ ya. Abájọ tí Rottweiler fi sábà máa ń dúró wo àjèjì ná kó tó ṣe ohunkóhun. Ẹni tó bá rò pé ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́ ìfẹ́ lè ṣi ìwà rẹ̀ mú. Akọ rẹ̀ lè wúwo tó kìlógíráàmù 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Boerboel ní tirẹ̀ jẹ́ ajá àwọn àgbẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Oko tó jìnnà sí ara wọn ló ti ń ṣọ́ ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn lọ́wọ́ ẹranko búburú àti olè. Irun rẹ̀ kúrú, ó sì lè fara da ooru ju ọ̀pọ̀ ajá ńlá lọ. Ó máa ń fara mọ́ àwọn ará ilé tímọ́tímọ́, kò sì ní fẹ́ kí àjèjì kọjá ààlà. Ìdènà ni agbára àwọn ajá méjèèjì yìí: ìrísí wọn nìkan tó láti lé olè. Nítorí pé wọ́n lágbára, àṣìṣe kékeré nínú títọ́ wọn lè di ọ̀ràn ńlá.

Caucasian

Agbègbè òkè Caucasus, níbi tí Georgia, Armenia, Azerbaijan àti gúúsù Rọ́ṣíà ti pàdé, ni ajá yìí ti wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wà láàrin agbo àgùntàn lóru, kó sì kojú ìkookò láìdúró de àṣẹ darandaran tó ń sùn. Ẹ̀yà tí wọ́n ti ń ṣà yàn láti máa dá pinnu fúnra rẹ̀ ni. Níbi tí Alsatian yóò ti wo ojú ẹni tó ni ín kó tó gbé ìgbésẹ̀, Caucasian lè ti dé ọ̀dọ̀ àjèjì kí wọ́n tó pè é.

Ìwà yìí dára lórí òkè níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Nínú ọgbà tí ẹni tó ń ta omi, ẹni tó ń ka iná mànàmáná àti ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde, ewu ńlá ni. Yàtọ̀ sí èyí, irun rẹ̀ nípọn ní ìpele méjì nítorí òtútù òkè. Ajá kì í làágùn ní gbogbo ara bí ènìyàn, híhẹlẹ ló fi ń lé ooru jáde lára. Caucasian tó wà nínú oòrùn láìsí òjìji àti omi tútù lè kú láàrin wákàtí díẹ̀. Ní ọdún 2010, ìjọba Dẹ́ńmákì fi òfin de Caucasian àti Boerboel pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà mìíràn.

Ṣé Ẹ̀yà Nìkan Ló Ń Pinnu Ìwà?

Bí ènìyàn bá ka ìtàn àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí, ó lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ló pinnu ohun gbogbo. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. John Paul Scott àti John Fuller ṣe ìwádìí ọlọ́dún púpọ̀ lórí ẹ̀yà ajá márùn-ún ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1965. Basenji, ajá tó ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà wá, wà lára wọn. Basenji kì í sábà gbó, Cocker Spaniel sì máa ń gbó púpọ̀. Ìwádìí náà fi hàn pé àbùdá ajá ní ọwọ́ nínú bó ṣe tètè ń gbó sí.

Ní 2022, ìwádìí mìíràn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà *Science*. Àwọn tó ni ajá tó lé ní 18,000 ló dáhùn ìbéèrè nípa ìwà ajá wọn, àwọn onímọ̀ sì yẹ àbùdá ajá tó lé ní 2,000 wò. Wọ́n rí i pé ẹ̀yà kò ṣàlàyé ju nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìwà ajá kan sí òmíràn. Ẹ̀yà ní ipa díẹ̀ lórí bí ajá ṣe ń gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan nípa bó ṣe tètè ń bínú sí.

Ìmọ̀ méjèèjì yìí kò tako ara wọn. Ìtàn ẹ̀yà ń sọ ibi tí ìwà ajá lè tẹ̀ sí, kò lè ṣe ẹ̀rí fún ajá kan pàtó. Ohun tí ẹ̀yà ń sọ láìtàsé ni ìtóbi, agbára eyín àti irú irun. Lhasa tó ń bínú àti Boerboel tó ń bínú lè ní ìwà kan náà, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí wọn yóò dá sí ènìyàn lára kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ra ajá ńlá kò ra ìwà búburú; ó ra ẹrù iṣẹ́ tó pọ̀ sí i ni.

Ọ̀nà Tí Wọ́n Gbà Tọ́ Ọ

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá sí ìkẹrìnlá tí wọ́n bí ọmọ ajá, ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti mọ ohun tó jẹ́ ti ayé rẹ̀. Ènìyàn, ọmọdé, ariwo ọ̀kadà, agbada ìdáná, gbogbo ohun tó bá rí lásìkò yìí láìsí ìpalára kì í bà á lẹ́rù mọ́. Àwọn kan gbà pé bí wọ́n bá ti ọmọ ajá mọ́lé kó má rí ẹnikẹ́ni, yóò rorò. Ohun tí wọ́n ń sọ ọ́ dà ni ajá ojo, ẹ̀rù sì ni ìdí púpọ̀ nínú ìbunijẹ. Ajá tó ń bẹ̀rù kò mọ ìyàtọ̀ láàrin olè àti ìyá àgbà tó wá kí àwọn ọmọ rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fún ajá ní ata tàbí igbó kó lè burú. Ìyà lásán ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ohun tó mú ajá di aṣọ́lé rere ni kó mọ àwọn tirẹ̀ dájú, kó sì mọ ààlà rẹ̀. Ó tún yẹ kí wọ́n kọ́ ọ pé inú abọ́ rẹ̀ nìkan ni kó ti máa jẹun, nítorí pé ẹran tí wọ́n fi májèlé sí ni olè mìíràn máa ń jù sínú ọgbà.

Ọ̀ràn gbígbó náà gba àmójútó. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n tì mọ́ àgò láti òwúrọ̀ a máa gbó sí ewé, sí ẹyẹ àti sí ọmọ iléèwé. Láìpẹ́, àwọn ará ilé kò ní fetí sí i mọ́, nígbà tí olè bá sì dé lóòótọ́, gbígbó rẹ̀ kò ní jí ẹnikẹ́ni. Àyè láti rìn, eré díẹ̀ àti ìgbọràn tí wọ́n fi sùúrù kọ́ ọ ló ń jẹ́ kí ohùn ajá ní ìtumọ̀.

Dìgbòlugi

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ ajá aṣọ́lé kí a má dárúkọ dìgbòlugi. Ajọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Ṣùgbọ́n kó tó yọ, ó ṣeé dènà. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 lójú ẹsẹ̀, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Àgbo tàbí epo tí wọ́n fi pa ojú ọgbẹ́ kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ajá pàápàá gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ dókítà ẹranko bó bá ti pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì máa tún un gbà ní àkókò tí dókítà bá dá. Ajá tí kò gba abẹ́rẹ́, bó ti wù kó mọ ilé ṣọ́ tó, ewu tó wà nínú ilé lè ju èyí tó ń lé lọ níta.

Yíyan Ajá

Ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ mú ajá wálé dáhùn. Irú iṣẹ́ wo ló fẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Báwo ni àyè ilé rẹ̀ ṣe tó? Ta ni ń wọlé tó ń jáde, pàápàá ọmọdé? Ta ni yóò máa bọ́ ọ, tí yóò máa tọ́ ọ, tí yóò sì máa san owó dókítà? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá kan tó sì ń lọ sílé ní ìsinmi kò yẹ ní ẹni tó ń sin Rottweiler. Ajá ìbílẹ̀ tàbí Lhasa, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó lágbára, yóò ṣe iṣẹ́ ìkìlọ̀ tó nílò. Ẹni tó ní ọgbà tó fẹ̀ àti àsìkò lè tọ́ Alsatian. Ajá ńlá tó ń dá pinnu fúnra rẹ̀ yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹni tó ti ní ìrírí nìkan.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yà ajá kọ̀ọ̀kan ló gbé ìtàn iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ wọ inú ọgbà tuntun: olùṣọ́ agbo ń tọ ògiri, adamàlúù ń dákẹ́ wo àlejò, ọmọ òkè ń dá ṣe ìdájọ́, ajá ìbílẹ̀ sì ń gbó láti òkèèrè. Ìtàn náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n títọ́, ìtọ́jú àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń pinnu bóyá ajá yóò jẹ́ ààbò tàbí ewu. Àwọn àgbà ní ajá tó léni lẹ́yìn yóò pa ọ̀bọ. Irú ẹni tó wà lẹ́yìn ajá náà ló tún ń pinnu bóyá olè ni yóò lé, tàbí ọmọ aládùúgbò.